Ojú Ọ̀tún Aláago

Ẹni tó bá sọ fún yín pé n kì í jowú, irọ́ ló pa. Mo máa ń jowú, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, n kò tíì jowú nítorí kárọ́ọ̀tì rí.

Aago ni ọkọ mi ń tún ṣe. Awò kékeré kan wà tí àwọn aláago máa ń há mọ́ ojú kan bí wọ́n bá ń wo inú aago. Ojú ọ̀tún ni ọkọ mi máa ń há tirẹ̀ sí, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ló sì ti ń fún ojú náà pọ̀ kí awò má baà já bọ́. Ó pẹ́ títí, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ara rẹ̀ pọ̀ nígbà tí kò sí awò níbẹ̀ pàápàá.

Ojú wá ń pọ́n, ó ń da omi. Ó lọ sí ilé ìwòsàn ojú láìsọ fún mi, ó ní kí àyà mi má baà já. Nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ ló ti tán ojú náà lókun: kó gbé tábìlì rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó máa gbójú sókè lóòrèkóòrè wo ohun tó jìnnà, kó sì máa ṣẹ́jú dáadáa. Kó yéé fọwọ́ ra ojú, kó máa jẹ kárọ́ọ̀tì àti ewébẹ̀, kó máa lo awò dúdú nínú oòrùn, kó sì padà wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ríran jìnnà. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe, àfi èyí tó gbẹ̀yìn.

Èmi kò mọ nǹkan kan. Ohun tí mo ṣáà rí ni pé ọkùnrin tí kì í fẹ́ rí ewébẹ̀ sójú ń rún kárọ́ọ̀tì bí ewúrẹ́. Ó ra awò dúdú, ó ń fọṣẹ fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ojú. Fóònù tó máa ń tẹ̀ lórí ibùsùn títí oorun á fi gbé e lọ, ó ń pa á bó bá ti fẹ́ sùn. Mo bi í pé ta ló ń ṣoge fún. Ó ní ara òun ni. Irú èsì yẹn kì í tán ìbínú.

Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ mi wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò kan náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti máa ń ṣiṣẹ́, níbi tí okùn aṣọ wà, nítorí náà n kì í rí ìta. Oníbúrẹ́dì, tó máa ń gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi, ló rí i fún mi. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní òun kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní ọkọ mi ti gbé tábìlì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní tó bá ṣe díẹ̀ á gbójú sókè, á tẹjú mọ́ Àǹtí Òkè, opó tíṣà tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ̀ọ́kán, á sì ṣẹ́ ojú kan sí i.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o, Màmá," ó ní.

Kaba búlúù Àǹtí Òkè gan-an ni mo ń lọ̀ lọ́wọ́. Léraléra ló ń gbé e wá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó ní kí n jẹ́ kó gún régé. Èmi ń rò pé ọjà mi ló kàn ń tà!

Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin yẹn nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín pa ìbínú mi. Bó bá lọ, ta ni màá máa bínú sí?

Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Oníbúrẹ́dì tẹ̀ lé mi, ó ní kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. Mo dúró sẹ́yìn ọkọ mi láìfọhùn. Lóòótọ́, ó yọ awò, ó gbójú sókè. Àǹtí Òkè wà ní bákóní, kaba búlúù mìíràn lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú páúdà lójú. Ojú ọ̀tún ọkọ mi ṣẹ́. Obìnrin náà tún irun ṣe.

"Dádì, kí lẹ̀ ń wò?" mo bi í.

Kò tiẹ̀ ta gìrì. Ó ní ohun tó jìnnà ni, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ nọ́ọ̀sì fún mi látòkèdélẹ̀. Mo ní kí wá ni ohun tó jìnnà náà.

"Dúrọ́ọ̀mù omi yẹn ni," ó ní. "Búlúù rẹ̀ ń tu ojú lára. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀, wọ́n á gbé e wọlé. Ta ló ń gbé dúrọ́ọ̀mù sá fún òjò?"

Oníbúrẹ́dì fọwọ́ bo ẹnu. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé etí oníbúrẹ́dì ti délé gbogbo ayé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àǹtí Òkè ti wá gba kaba rẹ̀. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ṣé mo wá sanra tó dúrọ́ọ̀mù ni?" Mo ní kó má bínú, ọkọ mi ti kí òpó iná rí, ó tún bá a béèrè àlàáfíà ilé. Ìyẹn tu ú nínú díẹ̀.

Mo fa ọkọ mi lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe awò tí yóò fi máa rí ọ̀nà jíjìn fún un. Bí a ṣe ń padà bọ̀ ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Èmi fúnra mi ti ra ojú tí yóò fi rí Àǹtí Òkè kedere fún un!

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ kaba búlúù tèmi, mo sì gbé tábìlì ìlọṣọ mi jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́.

Ó yọ awò aago, ó gbé ti tuntun sójú, ó wòkè. Ó rí Àǹtí Òkè, ó ta gìrì, ó tẹ orí kí i bí ẹni tó rí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó rí mi. Ojú ọ̀tún fún ara rẹ̀ pọ̀. Mo mọ èyí, iṣẹ́ ló fà á, mo sì ń bá aṣọ mi lọ.

Ló bá rẹ́rìn-ín, ó sì ṣẹ́ ojú òsì sí mi.

Aṣọ oníbúrẹ́dì ló wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó jóná mọ́ mi lọ́wọ́.