Irun Aláwọ̀ Méjì

Ọ̀jọ̀gbọ́n rí olú kékeré kan tó dà bí ife lára ìtì igi. Irun etí ife ni wọ́n fi ń dá irú olú bẹ́ẹ̀ mọ̀. Nínú maikirosíkóòpù, ó rí irun kan tí ìdí rẹ̀ funfun, tí orí rẹ̀ dúdú. Kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé! Ló bá kéde lọ́fíìsì pé orúkọ òun ni olú náà yóò jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀, onímọ̀ olú bíi tirẹ̀, wo inú awò, ó sì wo irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀ tó dúdú bíi kóró iṣin.

“Olówó orí mi, irun yìí nípọn ju ti olú lọ. Ìgbà wo lẹ pa irùngbọ̀n láró kẹ́yìn?”

“Èmi? Èmi kì í pa irùngbọ̀n láró!”

“Ó dáa. Ẹ fi orúkọ yín sọ olú, ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin.”

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ lọ́fíìsì pé kòkòrò ti jẹ olú náà.