Àwọn Tó Ń Sín Ìlẹ̀kẹ̀ Nínú Egungun Mi

Bísí ọ̀rẹ́ mi, má tíì bọ́jú, jókòó kí o gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní. Mo bá ara mi nínú egungun itan mi, ó gbòòrò bíi gbọ̀ngàn. Ìwé ńlá kan wà ní yàrá kan níbẹ̀, wọn kì í gbé e jáde. Obìnrin kan ń da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń nà án sí àwọn ìyá àgbà tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ níta. Gbogbo wọn ló fojú jọ mi! Wọn á ka lẹ́tà mẹ́ta, wọn á mú ìlẹ̀kẹ̀ kan. Mẹ́ta míì, ìlẹ̀kẹ̀ míì. Ojú mi ò lè bá ọwọ́ wọn. Bí okùn bá ti kún, á ká ara rẹ̀ jọ, á pọ́n, á gbé èémí, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rí ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà lórí okùn náà; dókítà mi ti sọ fún mi rí pé àṣìṣe ní ipò kẹfà bẹ́ẹ̀ ló fa àìsàn ẹ̀jẹ̀ mi, fòníkú-fọ̀ladìde. Mo nawọ́ láti yọ ọ́. Ìyá kan gbá mi lọ́wọ́.

“Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ la ṣe ń sín in. Ṣé àwa la kọ ọ́ ni?”

Ó fi bébà hàn mí. Lóòótọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú mẹ́ta tó pe ìlẹ̀kẹ̀ náà.

Mo jí, orúnkún ń ro mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń pe ẹ̀jẹ̀ mi ní ọ̀tá. Bísí, àṣé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún mi láìsinmi ni mo ń bú.