Ìlà Mẹ́ta Ìsàlẹ̀

“Ẹja wo lẹ máa ń jẹ jù?”

Ìbéèrè nọ́ọ̀sì bá ọkùnrin náà lójijì, àmọ́ kò dá a dúró. Ó ní ẹja tútù ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, sísè, kì í ṣe díndín. Nọ́ọ̀sì bi í nípa ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọsàn àti ẹ̀pà, ó sì ń kà wọ́n lọ geerege bí ọmọ tó mọ ìwé rẹ̀ sórí. Kò sí irọ́ nínú oúnjẹ náà. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló parọ́ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì, obìnrin àgbàlagbà kan, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún wo èsì àyẹ̀wò náà.

“Ó yà mí lẹ́nu o, ọ̀gá. Oṣù mẹ́rin rèé, àtọ̀ yín ò pọ̀ sí i rárá. Ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ náà ò rìn dáadáa. Sìgá ńkọ́?”

“Mo ti jáwọ́, mà.”

Páálí sìgá wà nínú àpò rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì wà lára aṣọ. Nọ́ọ̀sì ò bá a jiyàn. Ó kàn dìde, ó ṣí fèrèsé sí i díẹ̀. Ó ṣe ọkùnrin náà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

Oníbúrẹ́dì ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi dúró níwájú ààrò ńlá, tí ooru ń fẹ́ lù ú láti ìdodo dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló kọ ohun tó máa ṣe fún un, ìlà mẹ́sàn-án gbáko. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti oúnjẹ, oorun àti ìrìn àárọ̀. Mẹ́ta ìsàlẹ̀ ló kó o láyà sókè: kó jáwọ́ nínú sìgá, kó yé wọ ṣòkòtò tó fún, kó jìnnà sí ooru ààrò. Ẹni tó bá ka mẹ́ta yẹn ti mọ ẹni tó ni bébà. Ló bá fa ọ̀bẹ tó fi ń gé búrẹ́dì yọ, ó gé mẹ́ta náà kúrò, ó gé e wọ́, ó sì gbé ìyókù fún ìyàwó rẹ̀.

“Wọ́n ní kí o máa ṣe èyí.”

Obìnrin náà ò bi í léèrè kankan. Ó gbé bébà náà kọ́ sára ògiri ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ń rìn láràárọ̀, ó ń tètè sùn, ó ń bu ẹja sísè sí àwo méjì. Ọkọ á ní ebi ò pa òun, òun ti fi búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò panu níbi iṣẹ́.

Ọdún keje rèé tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Àwọn ará àdúgbò ti di Ìyá Lágbájá àti Bàbá Tẹ̀mẹ̀dù, àwọn ṣì jẹ́ Oníbúrẹ́dì àti Ìyàwó Oníbúrẹ́dì. Ìyá ọkọ ló wá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n lọ wo ilé ọmọ ìyàwó. Lọ́la ni wọ́n máa ṣe é lọ́sibítù. Wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á la abẹ́ ìdodo rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ nínú, kí wọ́n lè wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń jẹun nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. “Kò burú, Mọ́mì,” ló wí, ó sì ń jẹun lọ. Ojú ara rẹ̀ ń tì í ní gbogbo ìgbà tó bá rántí “kò burú” yẹn.

Láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ó gbé agolo iyọ̀, ó sì mú ìrépé bébà tó gé kúrò, tó ká pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Iná wà nítòsí lójoojúmọ́, kò sì mọ ìdí tí kò fi jù ú síbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tirẹ̀ ò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ ní yàrá, ó ń to aṣọ ìnura àti sálúbàtà sínú báàgì.

“Ẹ káàbọ̀. Ẹ tètè dé lónìí, ṣé kò sí nǹkan?”

“Má lọ lọ́la.”

“Kí ló dé?”

“Èmi ni wọ́n yẹ̀ wò. Èmi ni mo ni bébà yẹn.” Ó na ìrépé náà sí i.

Obìnrin náà kà á, ó tún un kà. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì.

“Ẹ jókòó síbẹ̀, Mọ́mì ń pè mí lágàn, ẹ̀ ń jẹun.”

Ìyàwó rẹ̀ sunkún díẹ̀, kò jẹ́ kó gbá òun mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gba ilé ìdáná lọ, ọkọ sì tẹ̀ lé e. Ọkọ rò pé ó fẹ́ fa bébà ara ògiri ya ni. Ìyàwó kàn mú píìnì kan ni, ó gbé ìrépé náà sábẹ́ ìlà kẹfà. Etí tó wọ́ náà bá ara wọn mu.

Ìgbà yẹn ni ojú ọkùnrin náà tó là. Ibẹ̀ ni kàlẹ́ńdà máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ihò ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti gbé bébà náà kọ́ ló ti sún kàlẹ́ńdà sísàlẹ̀, tó sì fi àyè ìka mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo de ohun tí wọ́n gé kúrò. Ojoojúmọ́ lòun sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Obìnrin náà ò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó bu ẹja sí àwo méjì bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé ọ̀kan síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, kò lè gbójú sókè.