Ẹsẹ̀ Kejì Lórí Ẹ̀rọ Ìsáré

"Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń sáré nínú yàrá yẹn?"

Ìyá Télọ̀ ń fi tówẹ̀lì nu ọrùn bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oníbàárà rẹ̀ bi í ní ìbéèrè yìí. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá iwájú ilé rẹ̀ lọ: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, dígí gígùn kan, àti àga tí àwọn oníbàárà fi ń jókòó dúró. Obìnrin tó wà lórí àga náà ń múra ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ẹ̀wù tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà ló wá gbà, kì í sì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi nìkan ni," Ìyá Télọ̀ dáhùn. "Ta ni ì bá tún wà níbẹ̀?"

"Ẹ má sọ mí di ọmọdé, Ìyá Télọ̀. Etí mi kò tíì di. Ẹsẹ̀ èèyàn méjì ni mo gbọ́. Tiyín fúyẹ́. Èkejì ń dún gbì, gbì, bíi ti ọkùnrin tó wọ bàtà ńlá." Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹnì kan, ẹ kúkú sọ fún mi. Ọdún kan ti lé tí ọkọ yín ti lọ. Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

Ìyá Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú. Ó mú téèpù ọrùn rẹ̀, ó ní kí obìnrin náà dìde kí òun tún ìbàdí rẹ̀ wọ̀n.

"Ìbàdí tèmi kò yí padà o, mò ń jẹun dáadáa. Tiyín ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹ wo bí yẹ̀rì ṣe ń jábọ́ lára yín. Ẹ̀wù mi tẹ́ ẹ ní ẹ máa parí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, apá ẹyọ kan ṣì ni mo rí lára rẹ̀. Ṣé apá kan ni kí n fi sin ọmọ mi lọ?"

"Ẹ má bínú. Ọ̀la yóò ti parí."

"Ọ̀la náà lẹ wí lọ́jọ́sí." Ó mú báàgì rẹ̀, ó tún yọjú wo ẹ̀yìn ilé kó tó jáde. "Ẹ bá mi kí ẹni yẹn o, ẹni tí kò sí níbẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá Télọ̀ jókòó sórí àga náà. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti gbà pé òun nìkan lòun ń gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Ó ti rò pé inú orí òun ló wà, bí orin ṣe máa ń wà lórí èèyàn. Ohun tó bá wà lórí èèyàn kan, oníbàárà kì í gbọ́ ọ láti yàrá iwájú.

Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni.

Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ náà, nítorí ìṣirò tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí dókítà sọ fún Ìyá Télọ̀ pé oògùn nìkan kò ní ká ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, àfi kó máa sáré díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ tó bá ṣì fẹ́ rí ọmọ-ọmọ, Tísà ló ní, "Mo ti fẹ̀yìn tì, kí ni mò ń ṣe nílé? Jẹ́ ká jọ máa lọ." Láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn àdúrà, wọn á jáde. Wọn á gba títì ńlá, wọn á yà ní kọ́nà ilé-ìwé, wọn á gba ẹ̀yìn ọgbà náà yípo padà sílé. Ọwọ́ ọ̀tún aya rẹ̀ ni Tísà máa ń wà, níbi tí ọkọ̀ ń gbà, á sì máa ka òpó iná sókè bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ogójì òpó ni. Kò ṣì wọ́n kà rí. Aya rẹ̀ náà á máa kì í bí wọ́n ṣe ń lọ:

"Tísà ọkọ mi, a-ka-òpó-má-ṣì. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó fi ara ṣe ògiri fún aya. A-rìn-lọ́tùn-ún-kí-ọkọ̀-má-gbá-mi."

Tísà á ní, "Ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín, rọra o. Ìwọ nìkan kọ́ lò ń lọ."

Lọ́jọ́ tó kú, aya rẹ̀ ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò fọ abọ́," ló wí, ó bá sá síwájú, ó fi í sílẹ̀. Ní kọ́nà ilé-ìwé, lẹ́bàá òpó kẹtàdínlógún, Tísà jókòó sórí pèpéle sìmẹ́ǹtì tó wà lára ògiri ọgbà, ó fọwọ́ mú àyà, kò sì dìde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà rẹ̀, ni pé òun gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn òun títí òun fi délé. Gbì, gbì, láìdúró. Ìgbà tó fọwọ́ kan géètì, tó yíjú padà láti fi í rẹ́rìn-ín, kò sí ẹnì kankan lójú títì.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, nọ́ọ̀sì ni, ìlú mìíràn ló ń gbé. Òun ló ra ẹ̀rọ ìsáré náà wá.

"Mọ́mì, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ tún bọ́ sójú títì," ló wí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. "Inú ilé yìí lẹ ó ti máa sáré."

"Títì kọ́ ló pa bàbá rẹ."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ká ní inú ilé ni wọ́n ti jókòó, ẹ̀ bá ti rí wọn."

Ọmọ náà kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn bà. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ júwe ibi tí wọn ó gbé ẹ̀rọ náà sí: yàrá ẹ̀yìn tí Tísà ti máa ń kàwé, tí bàtà ìsáré rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ fèrèsé.

Okùn pupa kan wà níwájú ẹ̀rọ náà. Ẹnu okùn yẹn ni èèyàn yóò há mọ́ ẹ̀wù. Tó bá yọ̀ sẹ́yìn, okùn á fa ìdè pupa kékeré kan tó wà lójú ẹ̀rọ yọ, ẹ̀rọ á sì dúró lójú ẹsẹ̀. Okùn náà kúrú. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tí Ìyá Télọ̀ bá fà sẹ́yìn díẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ṣe ohun tí télọ̀ máa ń ṣe sí ohun tó bá kúrú: ó gé okùn náà láàárín, ó fi rọ́bà ìbàdí síbẹ̀, ìwọ̀n apá kan gbáko, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán an ní ìlà mẹ́ta. Láti ìgbà yẹn, okùn kò fa ìdè yọ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹsẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀rù bà á lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó dùn mọ́ ọn. Èèyàn tó ti ń dá jẹun, tó ń dá sùn, ó rí ẹni bá sáré. Ogún ìṣẹ́jú tí dókítà sọ di ogójì, ogójì di wákàtí kan, ó sì di wákàtí kan ààbọ̀, nítorí pé ìgbà tí ẹ̀rọ bá dúró ni ẹsẹ̀ náà ń dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dín ìbàdí yẹ̀rì ara rẹ̀ kù. Ẹ̀wù oníbàárà ń kóra jọ lórí tábìlì.

Tẹlifóònù dún. Ọmọ rẹ̀ ni.

"Mọ́mì, mo rí nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yín tún ti lọ sókè, ó ju ti ọjọ́ tí Dádì kú lọ. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń sáré lójúmọ́?"

"Ogún."

"Mọ́mì."

"Mo ní ogún. Jẹ́ n ránṣọ, ìyá ìyàwó ń yọ mí lẹ́nu."

Kò ránṣọ. Ó padà sí yàrá ẹ̀yìn lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ràn gba fèrèsé wọlé, ó gun orí ẹ̀rọ, ó sì há okùn mọ́ ẹ̀wù.

"Tísà," ló wí, "wọ́n ti gbọ́ ẹsẹ̀ yín o."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ẹsẹ̀ náà fi bá a, lọ́tùn-ún, níbi tí ògiri wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè dúró. Ó ń sáré, ó sì ń tẹ́tí. Ó ń ka òpó tí kò sí níbẹ̀. Ó ka ẹ̀tàdínlógún, ẹsẹ̀ náà kò dúró. Ó ka ogójì, kò dúró. Ó ka ọgọ́rin. Ìgbà náà ló gbọ́ ohun tí kò tíì gbọ́ rí, bóyá nítorí pé kò tíì tẹ́tí sí nǹkan mìíràn ju ẹsẹ̀ lọ. Ó gbọ́ èémí. Èémí náà ń há, ó ń já, ó ń wá afẹ́fẹ́ bí ẹni tí wọ́n dì lẹ́nu.

Ó tẹ bọ́tìnnì pé kí ẹ̀rọ rọra. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ lọ sílẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì gòkè padà láìsí ọwọ́ tó kàn án. Mẹ́fà. Méje. Mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yára, tirẹ̀ náà ń yára, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ó jẹ́ kí ara òun fà sẹ́yìn kí okùn lè fa ìdè yọ. Rọ́bà nà. Ó tún fà sẹ́yìn, rọ́bà tún nà. Ìlà mẹ́ta tó rán kò já. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í já.

"Jésù, gbà mí."

Ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú, ó la ẹsẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, ó sì na ọwọ́ títí ó fi fa ìdè pupa náà yọ. Ẹ̀rọ kú. Bẹ́líìtì dúró.

Ẹsẹ̀ náà kò dúró. Gbì. Gbì. Gbì. Bẹ́líìtì ń tẹ̀ sísàlẹ̀ níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó ń dìde, ó tún ń tẹ̀. Lẹ́yìn ìkeje, ó dákẹ́. Èémí nìkan ló kù, nítòsí etí rẹ̀ ọ̀tún, èémí ẹni tó ti rẹ̀, tí kò tíì gba ìyọ̀ǹda kó jókòó.

Ìyá Télọ̀ kò sá. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ yín," ló wí jẹ́jẹ́. "Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń sá tẹ̀ lé mi."

Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀la ni mo máa padà sójú títì."

"Mọ́mì, kí ló dé? Kí ni ẹ̀rọ yẹn ṣe?"

"Kò ní kọ́nà."

"Ẹ̀n?"

"Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ kò ríbi jókòó sí. Mo ti parọ́ fún ẹ, wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi ń sáré. Tí mo bá tún gun orí rẹ̀, orí rẹ̀ ni wọn ó ti gbé mi."

"Tẹ́ ẹ bá ṣubú síta ńkọ́?"

"Ojú títì ni, wọn á rí mi. Gbàdúrà fún mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbàdúrà gígùn, ó wọ bàtà, ó ṣí géètì. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Kò tíì dé òpó àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ náà fi bá a, lọ́tùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ń gbà.

"Ọ̀kan," Ìyá Télọ̀ wí. "Èjì. Ẹ̀ta."

Ó rọra ń sáré. Kò síwájú ẹsẹ̀ náà, kò kẹ́yìn rẹ̀. Ajá kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan dìde bí wọ́n ṣe ń kọjá. Kò gbó. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà, ó fi ẹ̀yìn rìn wọ abẹ́ ọkọ̀ kan lọ. Ní òpó kẹtàlá, èémí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ní ìkẹrìndínlógún, ẹsẹ̀ náà ń wọ́ nílẹ̀.

"Ẹ̀tàdínlógún," ló wí, ó sì dúró.

Ó jókòó sórí pèpéle lẹ́bàá ògiri ilé-ìwé, ó fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún. Sìmẹ́ǹtì náà tutù.

"Mi ò wẹ̀yìn, Tísà," ló wí. "Mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín, mo rò pé ẹ ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ jókòó. Mo ti dúró."

Ó gbọ́ nígbà tí èémí náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó gùn, ó tún gùn, àlàfo àárín rẹ̀ ń pọ̀ sí i, bíi ti ẹni tí oorun ń gbé lọ. Obìnrin kan tó ń gbá títì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dá ìgbálẹ̀ dúró.

"Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí. À ń sinmi ni."

Agbálẹ̀ náà wo àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ yí ibẹ̀ ká, kò gbá a, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Ìyá Télọ̀ tún tẹ́tí sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀, ó dé òpó tó tẹ̀ lé e, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe lọ́jọ́ yẹn: ó dúró, ó wẹ̀yìn. Pèpéle wà níbẹ̀, ògiri wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bọ̀.

"Èjìdínlógún," ló wí sókè, kó má baà ṣì í kà.

Ó sì ń sáré lọ sílé, níbi tí ẹ̀wù alápá kan ń dúró dè é lórí tábìlì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì péré ló ń dún lójú títì.