Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Pe Orúkọ Bàbá Mi

N kò tíì rí ọkùnrin tó fẹ́ràn àlàyé ṣíṣe tó bàbá mi, Adégbénró. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí ẹ bá bi í ní ọ̀nà Dùgbẹ̀, yóò kọ́kọ́ sọ bó ṣe jìnnà tó sí ilé wa ní Bódìjà, yóò sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ máa fi rìn ín, kó tó wá rántí nawọ́ sí ọ̀nà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni mo fẹ́ fi ìtàn yìí yìn.

Adùnọlá ni orúkọ ìyá mi. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Ṣàngó. Ní ọdún 1964, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá mi gba ìsinmi gígùn, ó sì kó wa lọ sí ìlú Òyìnbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyá mi mú lẹ́tà kan dání. Ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbà á pé kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, fún ọdún kan gbáko. Mẹ́ta nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún tó ṣáájú, kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọkọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí ọ̀sẹ̀ kìíní wa níbẹ̀ tó parí.

"Màá rò ó," ni bàbá mi ń wí láti ọjọ́ tí a ti kúrò ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan tó gbàgbé pé mo wà nítòsí, ó fi kún un pé, "Kí ló tún kù nínú ẹ̀bí gbígbà tí ẹ̀yin agbẹ̀bí ò mọ̀? Màmá mi ò dé ilé ìwé rí, wọ́n sì ń gbẹ̀bí fún gbogbo àdúgbò." Inú bí mi débi pé n kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ta ló ń bi ọmọdé léèrè?

Ọ̀sẹ̀ náà ń tán lọ nígbà tí a dé etíkun kan ní Wéèsì, lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú Òyìnbó. Àgbà atukọ̀ kan wà níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Mọ́gáànì, tó ní àwọn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní káyákì. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, wọ́n wá fi aṣọ tó nípọn bò ó. Èèyàn méjì ló ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kálukú pẹ̀lú àjẹ̀ tirẹ̀. Mọ́gáànì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì fún wa. Ó ní kí èmi bá òun wọ ọ̀kan, kí àwọn òbí mi wọ èkejì, ká lọ yí erékùṣù kékeré kan po, ká sì padà wá jẹun ọ̀sán.

Bàbá mi lọ jókòó síwájú.

"Ọ̀gá," ni Mọ́gáànì wí, "ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń darí ọkọ̀ o."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Níbo ni baálé ń jókòó bí kò ṣe iwájú? Nínú mọ́tò wa, iwájú ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú ni. Bí a bá ń rìn lọ kí èèyàn ní Agbowó pàápàá, iwájú ló ń wà, tí ìyá mi á máa tẹ̀ lé e. Mọ́gáànì wo ìyá mi, ìyá mi wolẹ̀, ó sì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Àlọ wa dùn. Òkun tẹ́ rẹrẹ, àwọn ẹranko omi kan sì ń yọ orí dúdú tó ń dán síta, wọ́n ń wò wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Mọ́gáànì fi han ìyá mi bí wọ́n ṣe ń darí ọkọ̀. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi ń ṣàlàyé fún un bí òṣùpá ṣe ń fa omi òkun, ìyá mi ń dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni," ọkọ̀ wọn sì ń lọ gbọnrangandan.

Ìgbà tí a ń padà bọ̀ ni afẹ́fẹ́ dé. Láti orí ilẹ̀ ló ti ń fẹ́, ó sì ń tì wá lọ sí agbami. Ìgbì dìde. "Ẹ kọjú ọkọ̀ sí i!" ni Mọ́gáànì ń pariwo sí wọn. "Bó bá kọlù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa dojú dé!" Òun náà kò lè sún mọ́ wọn, kí ọkọ̀ méjèèjì má baà fọ́ ara wọn.

Jìnnìjìnnì mú bàbá mi. Ó ń wa omi wìtìwìtì, apá ọ̀tún nìkan, kò dúró, kò wẹ̀yìn. Gbogbo ibi tí ìyá mi bá darí ọkọ̀ sí, agbára bàbá mi á tún yí i padà, títí tí ọkọ̀ fi fẹ̀gbẹ́ sí ìgbì.

"Bàbá Fadékẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àjẹ̀ yín sókè," ni ìyá mi wí. Orúkọ mi ló máa ń fi pè é.

"O ò rí i pé omi ń gbé wa lọ ni? Ìwọ wa tìẹ!"

Ìgbì kan gbá wọn, omi sì ya wọ inú ọkọ̀. Mo ké. Òmíràn ń bọ̀, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Adégbénró!"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ mi yé o. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyá mi ti wà nílé ọkọ, orúkọ yẹn kò wá sẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ gan-an, títí dé èyí tó ń rákòrò nígbà tí ìyá mi wọlé, orúkọ àdàpè ló ń pè wọ́n.

"Adégbénró! Gbé e sókè! Má tì í, kò tíì yá!"

Bàbá mi gbé àjẹ̀ sókè, bí ọmọ tí wọ́n bá níbi tó ti ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Ìyá mi ti àjẹ̀ tirẹ̀ bọ omi, ó rọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo ara, iwájú ọkọ̀ sì kọjú sí ìgbì lákòókò gan-an. Wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

"Mí. Mí dáadáa. Dúró... dúró... ó ń kọjá lọ. Ó yá, tì í! Tì í! O káre. Sinmi."

Mo dá ohùn yẹn mọ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún un ní Ṣàngó, mo máa ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé yàrá ìrọbí. Kì í ṣe ohùn ìbínú, kò sì gba àríyànjiyàn. Bó ṣe ń gba àwọn obìnrin tó ń rọbí là nìyẹn, bó sì ṣe gba ọkọ rẹ̀ là lọ́jọ́ náà nìyẹn. Lórí omi, bí ìgbì bá dé, àwọn méjèèjì á dúró, bó bá ti kọjá, wọn á tì. Bàbá mi, tó mọ ìdí tí omi fi ń ru, ń mí nígbà tí wọ́n bá ní kó mí, ó sì ń tì nígbà tí wọ́n bá ní kó tì.

"Ta ló kọ́ ìyá rẹ?" Mọ́gáànì bi mí.

"Àwọn aboyún ni," mo dá a lóhùn. Orí mi wú, ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí a tó fojú kan iyanrìn. Bí ọkọ̀ wọn ṣe gúnlẹ̀ báyìí, ohùn yẹn kúrò lẹ́nu ìyá mi. Ó jáde, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú bàbá mi.

"Ẹ má bínú. Mo pe orúkọ yín mọ́ yín lórí. Lójú ọmọ. Lójú àlejò."

Lẹ́tà yẹn ti bọ́ nìyẹn, mo sọ nínú mi, nítorí mo mọ bí bàbá mi ṣe ń gbé iyì ara rẹ̀ gẹ̀gẹ̀. Mo fẹ́ kígbe pé, kí lẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún? Bàbá mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, omi ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. Ó wò ó títí.

Mọ́gáànì sáré dé pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì. "Kí ló ṣe obìnrin yìí? Ṣé ó fara pa ni?"

"Rárá," bàbá mi dá a lóhùn ní èdè Òyìnbó. "Nílé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Ó ń bẹ̀ mí nítorí pé ó pe tèmi láti gba ẹ̀mí mi là." Ó nu ojú. "Agbẹ̀bí ni. Ẹ tọ́jú ọkọ̀ kan dè é. Ọdún kan ló máa lò ní ìlú yín níbí, ó ń lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù."

Bí ìyá mi ṣe gbọ́ ìdáhùn lẹ́tà rẹ̀ nìyẹn, lórí ìkúnlẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń bá ẹlòmíì sọ. Èmi àti bàbá mi la gbé e dìde.