Ó Ti Rẹ Irin Náà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni irin náà ṣẹ́ ní láàbù wa ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dúró sí ọgbà ilé-ìwé kan ní Oǹdó, kí ó lè máa fún wọn níná. Ká ní iná ọba kò lọ láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, irin náà ìbá ti ṣẹ́ ṣáájú, à bá sì ti dá wọn dúró.

Mi ò lọ yunifásítì. Ilẹ̀ ni Dókítà Ọlábísí gbà mí láti máa gbá, kó tó rí i pé mo lè jókòó ti ẹ̀rọ kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìtòògbé. Òun ló kọ́ mi pé ó máa ń rẹ irin bó ṣe ń rẹ ènìyàn. Kì í ṣe ẹrù ńlá ló sábà máa ń pa á, bí kò ṣe ẹrù kékeré tó ń rù láìsinmi. Ẹ̀rọ wa á máa yí irin, á máa tẹ̀ ẹ́, á sì máa kà. A retí kí èyí yí nígbà mílíọ̀nù mẹ́wàá. Kò pé mílíọ̀nù kan tó fi ṣẹ́.

Àgékù ọ̀pá tó gbé apá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi Akínwùmí, tó jẹ́ jórinjórin ní Oǹdó, ló ṣe ọ̀pá ọ̀hún, òun náà ló gé èyí tó kù fún wa.

Dókítà gbé e sábẹ́ iná. Apá kan ojú ibi tó ṣẹ́ ń dán bíi fàdákà. Apá kejì pọ́n, ó ní ìlà lórí ìlà, bí etí odò tí omi ti ń fà díẹ̀díẹ̀.

"Ìtùnú, ṣé irin tuntun lè dógùn-ún nínú?"

"Rárá, mà."

"Ṣebí tuntun ni ẹ̀gbọ́n rẹ lóun rà?"

"Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, mà."

Ó gbé irin náà lé mi lọ́wọ́. "Lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò lè ní kí wọ́n sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ nítorí àgékù kan ṣoṣo, bó bá ṣe pé irin mìíràn ló wà lókè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irin yìí náà ni, ẹ̀rọ ọ̀hún gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lónìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò sì ní bá wa ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé."

Bí ọkọ̀ èrò tí mo wọ̀ ṣe ń kọjá Ọ̀wẹ̀nà, òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú níwájú.

Ilé-ìwé náà ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ẹ̀rọ náà rẹwà, mi ò lè purọ́. Ó funfun, ó ń yí jẹ́jẹ́, àfi bíi pé ẹyẹ kan ń rò ó bóyá kóun fò. Òòrùn ṣì wà lápá kan ojú ọ̀run, òjìji apá rẹ̀ sì ń gbá ilẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ ń fò ó bíi okùn, wọ́n ń pariwo.

"Àǹtí Ìtùnú!" Goodness, ọmọ Bùrọ̀dá Akínwùmí, ni. "Dádì mi ló ṣe é o!"

Ní gbogbo ìgbà tó bá yí, mo ń gbọ́ ìró kékeré kan lókè: kín.

Mo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá, tí kò jìnnà sí ilé-ìwé náà. Ó rí mi láti inú ilé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá irin! Ṣé wọ́n lé ẹ ní Àkúrẹ́ ni, àbí ebi ló gbé ẹ wá?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo fi irin náà lé e lọ́wọ́. "Bùrọ̀dá, ó ṣẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ ẹ. Ẹ ń tẹ nǹkan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò wá ní ṣẹ́? Tẹ èmi náà bẹ́ẹ̀ wò."

"Ó ti dógùn-ún nínú. Kì í ṣe tuntun, sà."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọ̀pá ẹsẹ̀ lọ́rì ni. Àlòkù gidi. Tuntun tí wọ́n ń tà lọ́jà yìí rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ogún ọdún ni lọ́rì yẹn fi ru igi gẹdú, kò ṣẹ́. Ohun tó ru gẹdú, ṣé atẹ́gùn ni kò ní lè rù?"

"Ogún ọdún yẹn gan-an ló ti tán an lókun."

"Ìtùnú, ọmọ mi wà lábẹ́ rẹ̀! Ṣé mo lè gbé ikú kọ́ sórí ọmọ mi?"

Mo mọ̀ pé kò lè ṣe é. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn: ó gba irin náà gbọ́ tọkàntọkàn.

Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sọ fún Dókítà yín pé mo ṣì í gé, pé irin mìíràn ni mo fún ẹ. Ẹ jẹ́ kí òjò kan péré rọ̀ sí i, ẹ ó rí i pé kò ní mì. Ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo fi tọ́ ẹ lẹ́yìn ikú bàbá wa. Bí orúkọ mi bá bàjẹ́ ní Oǹdó, ta ló máa gbé iṣẹ́ wá fún mi?"

Atẹ́gùn dé lójijì. Páànù orí ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Lókè àwọn òrùlé, mi ò rí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ̀rọ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Wọ́n ń yí kíkankíkan débi pé wọ́n ti di róbótó funfun kan ṣoṣo. Fóònù dún lọ́wọ́ mi. Dókítà ni.

Mo dìde nílẹ̀.

"Bùrọ̀dá, mi ò ní purọ́ fún un. Mo máa sọ pé ọ̀pá kan náà ni, pé àlòkù ni, pé ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀. Mo sì ń lọ kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀ báyìí."