Àpótí Tó Ń Pe Ara Rẹ̀

Lẹ́tà pupa tún bo ojú kọ̀ǹpútà náà: a kọ ìpè rẹ. Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tó sì mọ̀ dájú pé ènìyàn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tún kọ̀ ọ́.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà, pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé ó ti jí?"

"Ó kù díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Láti àárọ̀ ló ti ń ku díẹ̀! Dókítà ní tó bá fi di ọ̀sán, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Èmi ni mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé apá àbúrò mi ká a o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ń kó orúkọ aláìsàn sí ti dákú pátápátá, èrò sì kún gbọ̀ngàn. Ìkànnì tí òun fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python kọ ni yóò rọ́pò rẹ̀. Nílé, geere ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nílé, dátábéèsì tó ń tọ́jú àwọn orúkọ nìkan ló wà nínú àpótí, ìyẹn yàrá àdádó tí wọ́n máa ń fi ètò kọ̀ǹpútà sí kí ó má baà da òmíràn láàmú. Ìta gbangba ni ìkànnì fúnra rẹ̀ wà. Láàárọ̀ yìí ló fi ìkànnì náà sínú àpótí tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì kò ti gbọ́ ohùn ara wọn mọ́.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń ṣekú pa ejò, ó rò bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí orúkọ ejò ni èdè tó fi kọ ọ́ ń jẹ́.

Ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Bí dátábéèsì bá sùn, kì bá tí dáhùn nígbà tí òun wọ inú rẹ̀ lọ bi í léèrè. Ó sì dáhùn. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá kù káàtó, lẹ́tà pupa náà ì bá wí i. Kò wí i. Àbí orí òun gan-an ni kò pé? Ó tún gbogbo ìlà tó kọ kà, ó ń fi ẹ̀sùn kan ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn, Bàbá Tíṣà, arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ń bá fóònù rẹ̀ jà.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá pe ọmọbìnrin mi, wọ́n á ní ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀ tí kò tán?"

Nọ́ọ̀sì gba fóònù náà wò. "Bàbá! Nọ́ńbà tiyín lẹ tẹ̀. Ara yín lẹ ń pè!"

"Èmi?"

"Ẹ̀yin gan-an. Báwo lẹ ò ṣe ní í bá ara yín lórí ìpè?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà ló rẹ́rìn-ín jù. "Abájọ! Agídí ẹni tí mò ń pè jọ tèmi."

Ìyá Kọ̀ǹpútà kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró gbagidi. Ó ń wo ìlà tí àdírẹ́sì dátábéèsì wà: localhost, ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń wí pé, "ọ̀dọ̀ èmi fúnra mi." Nílé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àpótí kọ̀ọ̀kan gbà pé òun nìkan ni gbogbo ilé. Àyà ara rẹ̀ ni ìkànnì náà ń kàn bí ilẹ̀kùn, tó sì ń ráhùn pé aládùúgbò kò ṣí i.

Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Àká ni orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ àpótí dátábéèsì, bí àká tí àgbẹ̀ ń kó ọkà sí. Orúkọ yẹn ló tẹ̀ dípò rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sì tún ètò náà gbé dìde.

Pupa kò jáde. Ojú ewé funfun ṣí sílẹ̀, ó ń retí orúkọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ bi Bàbá Tíṣà lórúkọ wá!"

Orúkọ náà wọlé. Ó pa àpótí méjèèjì, ó tún jí wọn. Orúkọ bàbá ṣì jókòó síbẹ̀ bí onílé. Dókítà yọjú, ó wò ó títí, ó ní, "Apá rẹ̀ ká a lóòótọ́."

"Ṣebí mo wí!" Nọ́ọ̀sì àgbà fi bàtà funfun jó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ mi gbé fóònù o!" ni Bàbá Tíṣà ké láti gbọ̀ngàn.

Ìyá Kọ̀ǹpútà fẹ̀yìn ti àga, ó ń gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀ létí. Láti àárọ̀, bíi ti ìkànnì náà, inú ara òun nìkan ni òun náà ti ń wá ẹ̀bi kiri. Ó fa àga kejì súnmọ́ tirẹ̀, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó wá jókòó.